Káámù àti kọ̀ǹpírẹ́ṣàn: ohun tí ẹ́ńjìnnì Ford 1966 kọ́ mi

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá mi pé òun fẹ́ tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́ kan palẹ̀ kí òun tún un ṣe, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni iṣẹ́ tí ọkọ̀ náà máa ṣe. Ṣé ẹrù ló fẹ́ máa kó? Ṣé tìrélà ló fẹ́ máa fà? Àbí ó kàn fẹ́ máa gbé e jáde lọ́jọ́ Sátidé ni? Ọ̀pọ̀ wọn kì í ní ìdáhùn. Nọ́ńbà ló wà lọ́kàn wọn: kọ̀ǹpírẹ́ṣàn, ìyẹn bí písítìn ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, 10 sí 1; káámù, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, oní digiri 280. Ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti gbọ́ nọ́ńbà méjèèjì, ẹni tó sọ ọ̀kan fún wọn kò sì mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́ èkejì. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí káámù àti kọ̀ǹpírẹ́ṣàn kì í ṣe ohun méjì téèyàn ń yàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìpinnu kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá yan ọ̀kan láì wo ojú èkejì, owó ló fi ṣòfò. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe rí i lórí ọkọ̀ tèmi, mo sì fẹ́ fi nọ́ńbà gbè é lẹ́sẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tí kò bá ní nọ́ńbà nínú, àríyànjiyàn lásán ló máa ń dà.

Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mò ń gbé. Ọkọ̀ tí mò ń sọ ni Ford F-100 ọdún 1966, píkọ́ọ̀pù tó ní ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́fà tó tò sórí ìlà kan, èyí tí gbogbo èèyàn níbí ń pè ní 300. Iye ínṣì oníhà mẹ́ta tí àyè inú sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbà nìyẹn, ó sì jẹ́ lítà 4.9. Ọdún 1965 ni Ford bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ́ńjìnnì yìí sínú ọkọ̀, wọn ò sì ṣíwọ́ títí di 1996. Àwọn ọkọ̀ UPS tó ń pín ẹrù láti ojúlé dé ojúlé lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń lọ igi lò ó, àwọn tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ náà lò ó. Ihò sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ ní ínṣì 4.00, písítìn rẹ̀ ń rin ínṣì 3.98 láti òkè dé ìsàlẹ̀, kíráǹkì rẹ̀, ọ̀pá ńlá tí písítìn ń yí, sì jókòó lórí bẹ́ẹ̀rì méje. Gíá ló ń yí káámù rẹ̀, kì í ṣe ṣéènì. Ẹni tó bá dàgbà nílé lásìkò tí Bedford ṣì ń kó kòkó àti èrò, tí bọ̀lẹ̀kájà ṣì ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù títí dé òrùlé, á mọ irú ẹ́ńjìnnì tí mò ń sọ. Kì í sáré, ṣùgbọ́n ó ń fà. Mo fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ju èyí tó ń pariwo lọ, mi ò sì ní fi ìyẹn pa mọ́ fún yín.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kó ṣe rèé. Àga, tábìlì àti kánópì ni mò ń kó lọ síbi òde, torí àwa Yorùbá tó wà ní Houston kò tíì yé ṣe ìkómọ, ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún. Ẹrù á wà lẹ́yìn ọkọ̀, tìrélà kékeré á wà lẹ́yìn ìyẹn, ojú ọ̀nà márosẹ̀ la ó sì gbà. Áàsù ẹ̀yìn ọkọ̀ náà jẹ́ 3.70 (ọ̀pá tó ń wá láti iwájú á yí nígbà 3.70 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan), gíga táyà rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 28 àtààbọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bí mo bá ń sá eré máìlì 60 ní wákàtí kan lórí jíà tó kẹ́yìn, tí kì í dín iye ìyípo kù, ẹ́ńjìnnì á máa yí nǹkan bí 2,600 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí mo bá sá a dé 70, á súnmọ́ 3,050. Tí mo bá ń kúrò níbi iná adarí ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù, bí 1,200 ni. Ìyẹn ni pé gbogbo ayé ẹ́ńjìnnì yìí, láàárín 1,200 sí 3,000 ni yóò ti lò ó. Kò sí ohun tó kàn mí nípa agbára tí káámù kan ń mú jáde ní 5,500. Mi ò ní dé ibẹ̀ láé.

Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀ ni ohun tó ní lọ́wọ́. Mi ò gba ohun tí ìwé sọ nípa kọ̀ǹpírẹ́ṣàn gbọ́ lórí ẹ́ńjìnnì tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, torí a ò mọ iye ọwọ́ tó ti bọ́ sí. Wíwọ̀n ló kù. Mo dojú tọ́ọ̀pù sílíńdà délẹ̀ lórí tábìlì, mo fi fáàfù àti púlọ́ọ̀gì sí i, mo fi gíríìsì tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí kòtò ìjóná àkọ́kọ́ ká, mo wá tẹ gíláàsì oníke kan lé e lórí, èyí tí mo ti lu ihò méjì sí. Ihò kan ni omi ń gbà wọlé, èkejì ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Mo pò àwọ̀ pupa mọ́ sípíríìtì kó lè hàn, mo sì ń jò ó sínú kòtò náà láti inú tíúbù onígíláàsì tí wọ́n ti fín nọ́ńbà sí lára. Ẹ máa rí i bí pupa náà ṣe ń rọra tàn kálẹ̀ lábẹ́ oníke, tó ń lé afẹ́fẹ́ síwájú, títí tó fi máa ku èéfóófó kan péré, bíi hóró ọkà, lábẹ́ ihò. Ẹ jò ó díẹ̀ sí i, kó di pé kò sí èéfóófó mọ́. Iye tó bá ti kúrò nínú tíúbù ni ìwọ̀n kòtò náà. Bí mo ṣe wọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nìyẹn. Wọn ò dọ́gba: èyí tó kéré jù jẹ́ 74.5 cc, èyí tó tóbi jù sì jẹ́ 77. Mo fi òkúta ìlọ̀ kékeré lọ inú àwọn tó kéré títí gbogbo wọn fi súnmọ́ 76. Iṣẹ́ sùúrù ni, ó sì ń dùn mọ́ mi.

Yàtọ̀ sí kòtò yẹn, ohun mẹ́ta míì ló wà nínú àyè tó máa ń ṣẹ́kù lórí písítìn nígbà tó bá dé òkè pátápátá. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni ọ̀kan: nígbà tí wọ́n bá ti dè é pọ̀, nínípọn tèmi á ku ínṣì 0.041, àyè inú rẹ̀ sì jẹ́ 9 cc. Ihò tó wà lórí písítìn fúnra rẹ̀ jẹ́ 14. Ẹ̀kẹta ni bí orí písítìn ṣe rẹlẹ̀ sí ojú búlọ́ọ̀kù. Tèmi rẹlẹ̀ ní ínṣì 0.048, ìyẹn sì jẹ́ 10 cc. Àpapọ̀ rẹ̀ wá jẹ́ 109. Sílíńdà náà ti jẹ díẹ̀, mo ní kí àwọn tọ́nà gbẹ́ ẹ dé ínṣì 4.030, nítorí náà písítìn kan á máa gbá 832 cc. Ẹ fi 109 kún 832, ẹ wá fi 109 pín in, 8.6 sí 1 ló máa jáde. Kọ̀ǹpírẹ́ṣàn tí mo bá nílẹ̀ nìyẹn.

Ṣé ó kéré? Ọ̀pọ̀ á ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ní tèmi, mi ò lè dáhùn láì tíì mọ káámù tó máa bá a gbé, ìdí rẹ̀ sì rèé.

Nọ́ńbà 8.6 yẹn, ó rò pé písítìn bẹ̀rẹ̀ sí í fún afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí písítìn bá ti dé ìsàlẹ̀ tó sì ti yí padà tó ń bọ̀ lókè, fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé ṣì wà ní ṣíṣí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí pé tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, afẹ́fẹ́ tó ti ń rọ́ bọ̀ kì í dúró lójijì. Ó ṣì máa ń wọlé kódà nígbà tí písítìn ti ń gòkè. Ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì ò bá sáré, afẹ́fẹ́ ò ní ìwàǹwára yẹn. Písítìn á kàn máa tì í padà síbi tó ti wá, sínú kábúrétọ̀. Fífún gidi kò ní bẹ̀rẹ̀ àfi ìgbà tí fáàfù yẹn bá pa dé. Ìṣẹ́jú àáyá tó pa dé ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, káámù ló sì ń pinnu rẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe rí lórí ẹ́ńjìnnì mi. Káámù kékeré, tó ń mú fáàfù wà ní ṣíṣí fún digiri 248 nínú yíyí kíráǹkì lójú ìwé, á pa fáàfù náà dé ní nǹkan bí digiri 52 lẹ́yìn tí písítìn ti kúrò nísàlẹ̀. Ìrìn tó ṣẹ́kù fún písítìn láti fi fún afẹ́fẹ́ á jẹ́ ínṣì 3.42. Káámù àárín, oní 264, á pa á dé ní digiri 60, ìrìn tó ṣẹ́kù á sì jẹ́ 3.23. Káámù ńlá, oní 284, digiri 72 ló máa tó pa á dé, ìrìn tó ṣẹ́kù kò sì ju ínṣì 2.90 lọ. Ínṣì kan ó lé díẹ̀ ti bọ́ lọ nínú 3.98! Ẹ lè ṣírò rẹ̀ fúnra yín bí ẹ bá mọ gígùn kọnrọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kíráǹkì, tó jẹ́ ínṣì 6.21 lórí 300. Káámù ńlá yẹn lórí ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ 8.6 lójú ìwé, kọ̀ǹpírẹ́ṣàn tó máa rí gan-an kò ju 6.6 lọ.

Mo ti fojú rí irú rẹ̀. Àbúrò kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní F-100 tó jọ tèmi, ẹ́ńjìnnì 300 kan náà. Ó ti tún un ṣe kó tó gbé e wá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun ẹ bá mi wo ọkọ̀ yìí. Mi ò mọ ohun tó ṣe é. Láti ìgbà tí mo ti fi káámù tuntun sí i ló ti di ọ̀lẹ.” Mo ní kó sí i. Ọkọ̀ náà ń mì tìtì níbi tó dúró sí, ohùn sílẹ́ńsà rẹ̀ ń dún bíi ti ọkọ̀ eré ìje, ó wuni í gbọ́. Mo so gééjì fákúùmù, tó ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́ tó, mọ́ ọn: abẹ́rẹ́ ń jó láàárín 11 sí 13, níbi tó yẹ kó ti dúró ṣinṣin ní 18 tàbí 19. A yọ púlọ́ọ̀gì, a fi gééjì wọn ìfúnpá inú sílíńdà bí sítátà ṣe ń yí i: 120 ni gbogbo wọn ń mú wá, wọ́n sì dọ́gba. Ríìngì rẹ̀ dáa, fáàfù rẹ̀ dáa, kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Káámù oní 284 ló wà nínú rẹ̀, písítìn àti tọ́ọ̀pù sílíńdà sì wà bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Agbára ẹṣin ni ibi tó ti rà á fi polówó rẹ̀ fún un, wọn ò bi í ní kọ̀ǹpírẹ́ṣàn tó ní, wọn ò bi í ní áàsù tó wà lẹ́yìn ọkọ̀.

Ó bi mí pé, “Ṣé kí n ra písítìn tuntun ni, kí n fi gbé kọ̀ǹpírẹ́ṣàn rẹ̀ sókè?” Ìbéèrè tó dáa ni, torí ó ti rí i pé àwọn méjèèjì so mọ́ra. A jọ ṣírò rẹ̀ lórí páálí kan: kí káámù yẹn tó lè fúnni ní ìfúnpá tó ṣeé fi fa ẹrù ní ìsàlẹ̀, ó máa nílò 10.2 sí 1 lójú ìwé. Owó písítìn, owó títún un gbẹ́, áàsù tuntun lẹ́yìn, torí ẹ́ńjìnnì náà á ti di èyí tó fẹ́ máa sáré. Mo ní, “Àbúrò mi, ọkọ̀ tó o fi ń kó símẹ́ǹtì ni. Káámù ni kó o yọ.”

Èmi wá padà sórí tèmi. Mo ti mọ̀ pé káámù oní 264 ló bá àárín 1,200 sí 3,000 mu, kí ó sì ṣẹ́kù díẹ̀ lókè fún ìgbà tí mo bá fẹ́ kọjá ọkọ̀ míì. Àwọn kókó orí rẹ̀, ìyẹn ibi tó yọ tó ń ti fáàfù ṣí, fi digiri 112 jìnnà síra, fáàfù méjèèjì sì ń jọ wà ní ṣíṣí fún digiri 40 péré. Káámù ńlá ti àbúrò mi, 64 ni. Àkókò tí wọ́n jọ wà ní ṣíṣí yìí ló ń mú ọkọ̀ mì nígbà tó bá dúró, torí èéfín á máa padà sínú ibi tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà wọlé. Bí bíréèkì ọkọ̀ yín bá ń lo fákúùmù, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rárá.

Lórí 8.6 tí mo bá nílẹ̀, káámù oní 264 á mú kọ̀ǹpírẹ́ṣàn gidi wá sí 7.2. Ó ṣeé lò, ṣùgbọ́n ó rọ̀ díẹ̀, mo sì mọ̀ pé epo 87 tó pọ̀ káàkiri ní ilé epo níbí lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ́kítéènì ni 87 yẹn, bí epo ṣe lè fara da fífún tó kó tó bú fúnra rẹ̀. (Ẹ̀yin tó wà nílé tàbí ní Yúróòpù, ẹ rántí pé ọ̀nà tí Amẹ́ríkà fi ń ka ọ́kítéènì yàtọ̀, 87 wọn súnmọ́ 91 lórí òṣùwọ̀n RON.) Fún ẹ́ńjìnnì tí tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀ jẹ́ irin, tó ń fa ẹrù nínú ooru Texas, mo máa ń dúró sí 7.7 sí epo 87. Ẹni tó bá fẹ́ máa ra epo 93 lójoojúmọ́ lè dé 8.2. Gbígbé kọ̀ǹpírẹ́ṣàn láti 8 sí 9 kò ju kí agbára fi ìdá 3 tàbí 4 nínú 100 lé sí i, nítorí náà kò sí ìdí téèyàn á fi lé e dé ibi tí ẹ́ńjìnnì á ti máa ṣe ara rẹ̀ léṣe. Bí ó bá pọ̀ jù, epo á bú nínú sílíńdà kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ọ tí ẹ bá ń gun òkè, ìró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí wọ́n ń mi ìṣó nínú agolo. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tí kò gbẹ́sẹ̀, orí písítìn àti gásíkẹ́ẹ̀tì ló máa kọ́kọ́ san gbèsè rẹ̀.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà gbé kọ̀ǹpírẹ́ṣàn 300 sókè ni kí wọ́n wá tọ́ọ̀pù sílíńdà ti ẹ́ńjìnnì 240, àbúrò 300, tí ihò rẹ̀ fẹ̀ bákan náà ṣùgbọ́n tí písítìn rẹ̀ kì í rìn jìnnà. Kòtò ìjóná rẹ̀ kéré, nǹkan bí 68 cc, ó sì wọ orí 300 wẹ́kú. Ẹnìkan fẹ́ fún mi ní ọ̀kan lẹ́dìnwó. Mo ṣírò rẹ̀: bí mo bá fi kún gígé ojú búlọ́ọ̀kù tí mo fẹ́ ṣe, á gbé mi dé 10 sí 1 lójú ìwé, á sì gbé mi dé 8.3 ní gidi pẹ̀lú káámù tí mo ti yàn. Kì í ṣe fún epo 87. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò rà á. Gígé náà nìkan ni mo ṣe: mo ní kí tọ́nà gé ínṣì 0.038 kúrò lójú búlọ́ọ̀kù, kí písítìn má fi ju 0.010 lọ rẹlẹ̀. Àyè tó ṣẹ́kù wá di 101 cc dípò 109. Lójú ìwé, ó di 9.2; ní gidi, pẹ̀lú digiri 60, ó di 7.7. Gígé búlọ́ọ̀kù sàn ju dídín kòtò kù lọ fún ìdí kan tí mo ka sí gidigidi: orí písítìn wá ń súnmọ́ ibi pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ tọ́ọ̀pù sílíńdà, àlàfo àárín wọn kò ju ínṣì 0.051 lọ, ìyẹn sì ń ti àpòpọ̀ epo àti afẹ́fẹ́ lọ sọ́dọ̀ púlọ́ọ̀gì pẹ̀lú agbára, kó lè jó kíákíá kó má sì bú ṣáájú àsìkò. Ẹ́ńjìnnì méjì lè ní 9.2 kan náà, kí ọ̀kan máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ lórí epo 87, kí èkejì máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, nítorí àlàfo yìí nìkan.

Bí ẹ bá gé ojú búlọ́ọ̀kù, ẹ rántí pé ọ̀pá tó ń ti rọ́kà ti gùn jù nìyẹn. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó ra òmíràn.

Ìlà tó wà lórí ìwé káámù, ẹ má gbà á gbọ́ títí ẹ ó fi wọ̀n ọ́n lójú ara yín. Mo dè káámù sínú búlọ́ọ̀kù, mo fi àwo onídigiri sí imú kíráǹkì, mo wá òkè pátápátá gidi pẹ̀lú irin ìdádúró tó ń dá písítìn dúró níhà méjèèjì, kì í ṣe pẹ̀lú àmì tó wà lára ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà ni mo gbé gééjì alábẹ́rẹ́, tó ń wọn bí nǹkan ṣe gòkè tó, lé tápẹ́ẹ̀tì sílíńdà kìíní, ìyẹn irin tí káámù ń tì sókè. Ìwé ní kókó fáàfù afẹ́fẹ́ á dé ibi gíga jù lọ ní digiri 108. Lójú àwo mi, 112 ni. Digiri mẹ́rin lè má jọ nǹkan kan létí, àmọ́ ó túmọ̀ sí pé fáàfù máa pa dé ní 64 dípò 60, kọ̀ǹpírẹ́ṣàn gidi tí mo ti fi owó tọ́nà wá á sì já láti 7.7 sí 7.5. Kò sí ṣéènì lórí 300 tí mo lè fi eyín kan sún. Kéè kékeré tó di gíá mú ni mo pààrọ̀ sí èyí tó rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, mo tún un wọ̀n, ó bọ́ sí 108. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé fún ọkọ̀ eré ìje nìkan ni irú wíwọ̀n bẹ́ẹ̀ wà. Ọkọ̀ akẹ́rù gan-an ló nílò rẹ̀ jù, torí ìsàlẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà, ìsàlẹ̀ yẹn sì ni digiri mẹ́rin ti ń jẹun.

Gíá orí káámù tí Ford fi síbẹ̀ kì í ṣe irin. Fáíbà ni, kó má baà pariwo. Tó bá ti gbó, eyín rẹ̀ lè ká. Mo fi èyí tí wọ́n fi irin ṣe rọ́pò rẹ̀. Ó ń súfèé díẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn. Mo ní kí wọ́n fi ìjókòó líle sí abẹ́ fáàfù èéfín, torí ìgbà tí epo ṣì ní òjé nínú ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì yìí. Mo ra sípíríìgì tó bá káámù mu, kì í ṣe èyí tó le jù. Sípíríìgì tó le ju bó ṣe yẹ, káámù ló máa ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ káámù jíjẹ yìí, mo fẹ́ dúró lórí rẹ̀. Tápẹ́ẹ̀tì inú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ń fi ojú rẹ̀ gbo kókó orí káámù ní tààrà, kò sí róòlà láàárín wọn. Ojú tápẹ́ẹ̀tì yẹn kì í ṣe pẹlẹbẹ pátápátá. Ó yọ díẹ̀ láàárín, kókó náà sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí tápẹ́ẹ̀tì lè máa yí bó ṣe ń gòkè. Tí kò bá yí, á jẹ kókó náà tán láàárín wákàtí kan. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ ló sì ń pinnu rẹ̀. Mo fi òróró dúdú tó nípọn tó máa ń bá káámù wá pa gbogbo kókó, mo fi ọ́ìlì tí síńkì rẹ̀ pọ̀ sí i, torí àwọn ọ́ìlì ọkọ̀ tòde òní ti dín síńkì kù. Kí n tó sí i, mo fi dírílì yí pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì títí ọ́ìlì fi dé gbogbo rọ́kà. Mo bu epo sí kábúrétọ̀, mo ṣètò táímìnì iná, ìyẹn ìgbà tí púlọ́ọ̀gì máa ń tanná, kó lè ràn lójú ẹsẹ̀, kí sítátà má baà máa yí i lásán. Bó ṣe ràn, mi ò jẹ́ kó sinmi: mo gbé e lọ sí 2,000 ní kíákíá, mo sì ń gbé e sókè sódò láàárín 1,800 sí 2,500 fún ìṣẹ́jú 25, pẹ̀lú ẹ̀rọ omi àti fáànù ńlá níwájú rédíétọ̀. Ìyàwó mi ló ń wo gééjì ooru nínú ọkọ̀ fún mi. Lẹ́yìn náà mo da ọ́ìlì yẹn nù, mo gé fílítà rẹ̀ ṣí, mo tẹ́ ìwé inú rẹ̀ sínú oòrùn láti wò ó bóyá irin ń dán nínú rẹ̀. Òróró dúdú yẹn nìkan ni mo rí.

Sítátà mú 155 wá ní gbogbo sílíńdà nígbà tí mo wọ̀n ọ́n. Fákúùmù dúró ní 19, abẹ́rẹ́ ò mì. Mo fi táímìnì iná sí digiri 10 níbi tó dúró sí, tí àpapọ̀ rẹ̀ á dé 30 nígbà tó bá sáré. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé mo lè kúrò níbi iná adarí ọkọ̀ pẹ̀lú àga igba lẹ́yìn láì tẹ tìrótù dé ìdajì.

Àbúrò mi ra káámù oní 256 sí tiẹ̀, kò fọwọ́ kan písítìn. Ìfúnpá rẹ̀ gòkè láti 120 sí nǹkan bí 145. Ó ní ohùn tó máa ń dún bíi ti eré ìje ti lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òun ti ń gbé símẹ́ǹtì báyìí. Mo ní kó wá wo àwo onídigiri nígbà tó fẹ́ dè é, a sì jọ wọ̀n ọ́n. Tiẹ̀ bọ́ síbi tí ìwé sọ gẹ́lẹ́.

Epo 87 ni mo ń lò ní Houston, torí pé ibẹ̀ tẹ́jú. Bí mo bá fẹ́ fa tìrélà lọ sápá ìwọ̀-oòrùn Austin, níbi tí òkè wà, nínú oṣù Keje tàbí Oṣù Kẹjọ, mo máa ń ra 89, mo sì máa ń fi digiri méjì dín táímìnì kù kí n tó kúrò nílé.